Ìbọn .45 Ẹ̀gbọ́n tó ń há: àkọsílẹ̀ àtúnṣe rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n gbé ìbọn náà wá sí ilé mi ní Houston nínú àpótí oníkọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Àbúrò, bá mi wo nǹkan yìí. Bí mo bá yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yóò há lẹ́ẹ̀kan. Ẹnì kan tí a jọ ń yìnbọn ní kí n jẹ́ kí òun fi ẹ̀rọ dán inú rẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ fá irin kankan nínú rẹ̀. Irin tí a bá ti fá kúrò, kò sí bí a ṣe lè dá a padà."

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àkọsílẹ̀ yìí nìyẹn. Mo ti rí ìbọn mẹ́ta tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìdánrin bà jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé sípíríǹgì olówó pọ́ọ́kú ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó máa ń dùn mí.

Ìbọn ìléwọ́ irú 1911 ni, ọta .45 ACP ló ń jẹ, ọ̀pá rẹ̀ gùn ní íńṣì 5, mágásíìnì rẹ̀, àpò irin tí a ń to ọta sí, ń gba ọta 7. John Moses Browning ló ya irú ìbọn yìí. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1911 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà gbà á wọlé, ọdún 1985 ni wọ́n tó fi Beretta M9 rọ́pò rẹ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n fi yàn án, ọta 6,000 ni wọ́n yìn láti inú ẹyọ ìbọn kan. Tó bá gbóná jù, wọn a rì í bọ omi, wọn a tún máa yìn ín lọ. Kò há rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé "bí 1911 ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń há," mi ò gbà. Ìbọn tó ń há ní ìdí tó fi ń há.

Texas ni a wà, Ẹ̀gbọ́n sì ra ìbọn rẹ̀ lọ́nà tó bá òfin mu. Ní Nàìjíríà, òfin kò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ìléwọ́. Ẹni tó bá ń ka èyí láti ilé, kó kà á bí ìròyìn iṣẹ́ ọwọ́ lásán.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù kí n tó bọ́ sí iṣẹ́. Ọdẹ ni Bàámi ní Ṣakí. Ṣakabùlà ni ìbọn tiẹ̀. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ètù àti ọta bọ̀ ọ́. Kò ní mágásíìnì, kò ní ohunkóhun tó ń sá sẹ́yìn sá síwájú. Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀ lé e, mo tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ó fa apátí, ìbọn ò dún. Mo fẹ́ sún mọ́ ọn kí n wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan tì mí láyà sẹ́yìn, kò sọ nǹkan kan, ó kọjú ìbọn sínú igbó, ó dúró. A dúró títí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìgbà náà ni ìbọn bú gbàmù. Bí a ṣe ń lọ sílé, òwe kan ṣoṣo ló pa fún mi: ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?

Òwe yẹn ni mo fi ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Bí a bá fa apátí tí ìbọn ìléwọ́ kò dún, a kì í yí i wò. A ó kọjú rẹ̀ síbi tí a ń yìn sí, a ó ka ìṣẹ́jú àáyá 30, kí a tó yọ ọta náà. Bí ó bá sì dún, àmọ́ tí ìró rẹ̀ kò ju "pọ́ọ̀" lọ, tí kò ta wá lọ́wọ́ bó ti yẹ, ó ti parí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí orí ọta ti há sínú ọ̀pá ìbọn. Ẹni tó bá yìn òmíràn tẹ̀ lé e lè fọ́ ìbọn mọ́ ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ kìíní, ní pápá ìyìnbọn

Mi ò tíì fọwọ́ kan irin kankan lọ́jọ́ yìí. Kíkà ni mo lọ kà. Mo lẹ téèpù mọ́ ìdí mágásíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ẹ̀gbọ́n, mo kọ A, B, D sí wọn. Irú ọta kan ṣoṣo la rà, èyí tí iléeṣẹ́ dì, tí orí rẹ̀ rí roboto, tí orí náà sì wọn 230 grain (bíi gíráàmù 15). Bí a bá ń pààrọ̀ ọta, tí a tún ń pààrọ̀ mágásíìnì, tí a kò kọ ọ́ sílẹ̀, a ò ní mọ èwo ló jẹ̀bi nínú wọn.

A yìn ọta 105, márùndínlógójì láti inú mágásíìnì kọ̀ọ̀kan. Ó há lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ há, mo sì rò pé bóyá ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jù ni, nítorí bí ọwọ́ bá rọ̀, ìbọn fúnra rẹ̀ á bá síláìdì (irin òkè ìbọn tó ń sá sẹ́yìn sá síwájú) lọ sẹ́yìn, síláìdì ò wá ní ráyè sá dé ibi tó yẹ kó dé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í mú gírígírí. Bó ṣe há lọ́wọ́ rẹ̀ náà ló há lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ kọ́.

Gbogbo ìgbà tó há ni a kọjú ìbọn síwájú, tí a yọ ìka kúrò lára apátí, tí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa kí a tó tú u. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ohun tí ìbọn fẹ́ sọ fún wọn. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni pé kí wọ́n gbá ìdí mágásíìnì, kí wọ́n fa síláìdì, kí wọ́n máa yìn lọ. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tó ń wá àìsàn gbọ́dọ̀ dúró kó wò.

Ọ̀nà méjì péré ló fi há. Àkọ́kọ́ ni pé ọta tuntun á dojú bolẹ̀: dípò kí orí rẹ̀ gun ìdàgẹ̀rẹ́ irin lọ sínú ihò ọta, ìyẹn ìdí ọ̀pá ìbọn tí ọta ń jókòó sí, á fi imú gún ìdí ìdàgẹ̀rẹ́ náà, síláìdì á sì dúró lágbedeméjì. Èkejì ni pé èèpo ọta tí a ti yìn tán kò ní fò dànù. Síláìdì á há a mọ́, á wá dúró lóòró lójú ihò tó yẹ kó gbà jáde, bí ẹni tí ilẹ̀kùn pa mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Mo kọ wọ́n sílẹ̀ báyìí. Dojúbolẹ̀ jẹ́ mẹ́rin, mágásíìnì B ló ni gbogbo wọn. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọta tó kẹ́yìn nínú mágásíìnì, ọ̀kan jẹ́ ọta kẹfà. Lóòró jẹ́ márùn-ún: A ní méjì, B ní ọ̀kan, D ní méjì.

Mo fi ìwé náà han Ẹ̀gbọ́n. Ó wò ó, ó ní, "Àìsàn méjì nìyí." Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan ń gbé inú mágásíìnì B. Ìkejì ń gbé inú ìbọn fúnra rẹ̀, kò sì bìkítà mágásíìnì tí a fi sí i.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n di àkàrà fún wa. Ó ti fẹ́ máa jẹ ẹ́ létí pápá, mo ní kó dúró. Òjé máa ń bẹ nínú èéfín ìbọn àti lára ọta, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. A lọ fi omi tútù àti ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ojú wa kí a tó jẹun.

Ọjọ́ kejì, lórí tábìlì

Ọta kò sí nínú yàrá tí mo ti ṣiṣẹ́. Inú àpótí ní yàrá kejì ni wọ́n wà. Mo yọ mágásíìnì, mo fa síláìdì, mo fi ojú wo ihò ọta, mo fi ìka kan án, mo tún wò ó. Ẹ̀gbọ́n náà wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo tú u.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkọ́ tí àwọn oníbọn ń pè ní extractor, nítorí òun ni mo fura sí lórí ọ̀ràn lóòró. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, nínú ihò tó gba inú síláìdì kọjá, orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di ìdí èèpo ọta mú, kó fà á jáde nínú ihò, kó gbé e lu irin kékeré kan tó wà lápá òsì, èyí tí yóò ta á síta. Kò ní sípíríǹgì kankan. Irin náà fúnra rẹ̀ ni sípíríǹgì. Bí ó ṣe tẹ̀ díẹ̀ ló ń fún un lágbára láti di nǹkan mú. Bí agbára yẹn bá dín kù, èèpo á yọ̀ bọ́ kó tó dé ibi tí yóò ti fò, síláìdì á sì padà wá bá a lọ́nà.

Bí a ṣe ń dán an wò rọrùn. Mo mú síláìdì dání, mo ti ìdí èèpo ọta òfìfo kan bọ abẹ́ ìkọ́, mo jọ̀wọ́ èèpo náà. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀, kódà bí mo bá mi síláìdì jẹ́jẹ́. Ó jábọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Kí n tó dá irin lẹ́bi, mo yọ ìkọ́ náà, mo fọ òun àti ihò rẹ̀. Ìdọ̀tí dúdú tó ti dì bí ọ̀dà ló jáde níbẹ̀, ọdún pípẹ́ ló ti wà níbẹ̀. Mo dá a padà, mo tún dán an wò. Ó tún jábọ́. Ìdọ̀tí wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan.

Mo wá bi Ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe máa ń kì í?"

Ó ní, "Mo máa ń fi ọwọ́ ju ọ̀kan sínú ihò, kí n jẹ́ kí síláìdì gbá a pa dé, kí n tó wá ti mágásíìnì tó kún bọ̀ ọ́. Mẹ́jọ ló máa jẹ́ nígbà náà. Ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ ló kọ́ mi."

Ìdáhùn nìyẹn. Bí Browning ṣe ya ìbọn yìí, inú mágásíìnì ni ọta ti ń gòkè, ìdí rẹ̀ á sì yọ́ wọ abẹ́ ìkọ́ láti ìsàlẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìkọ́ kò ní í ṣe wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n bí ọta bá ti jókòó sínú ihò ṣáájú, síláìdì á wá fi ìkọ́ lu ìdí ọta láti ẹ̀yìn, ìkọ́ á ní láti ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ tipátipá kó tó fò ó kọjá. Wọn kò ṣe é fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

Inú rẹ̀ bàjẹ́, mo rí i lójú rẹ̀. Mo ní kò sí ohun tó le níbẹ̀. Bó bá fẹ́ mẹ́jọ, kó ti mágásíìnì tó kún bọ ìbọn, kó fa síláìdì kí ọ̀kan lè bá ọ̀nà rẹ̀ wọlé, kó yọ mágásíìnì, kó fi ẹyọ kan kún un, kó dá a padà.

Mo tẹ ìkọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé a ó ti í wọ ihò rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ìwọ̀n kan, kí ihò fúnra rẹ̀ dì í mú, a ó wá fi ọwọ́ tẹ èyí tó kù síta díẹ̀díẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, dán an wò, tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le jù, àìsàn mìíràn ló máa dá sílẹ̀, nítorí ìdí ọta kò ní lè yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ mọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, èèpo náà dúró, mo mi síláìdì, kò jábọ́.

Ìdàgẹ̀rẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀rọ dán ńkọ́? Mo fi iná tọ́ṣì wò ó. Ó ń dán, kò ní ìpa kankan. Àlàfo tóóró kan gbọ́dọ̀ wà láàrin ìdàgẹ̀rẹ́ ara ìbọn àti èyí tó wà lára ọ̀pá ìbọn, bíi mìlímítà 0.8. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ fá ibẹ̀ lè ba àlàfo yẹn jẹ́, tàbí kó fá ibi tó ń gbé ìdí èèpo ọta dúró nígbà tí ètù bá gbiná. Mo pa tọ́ṣì, mi ò fọwọ́ kan ibẹ̀.

Sípíríǹgì ńlá tó ń ti síláìdì padà síwájú, mo fi wé tuntun tí agbára rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 16, gígùn wọn ò yàtọ̀. Mo dá a padà. Mo ju ọta díẹ̀ sínú ihò ọ̀pá ìbọn tí mo ti tú sílẹ̀, ní ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì: wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, mo yí i dà, wọ́n jábọ́. Ọta kò ní ẹ̀bi.

Ó ku mágásíìnì B. Ètè rẹ̀ méjèèjì kò ya, mo fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n sí ti A, bákan náà ni. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ni mo wá fura sí. Mo pààrọ̀ wọn: ti A bọ́ sínú B, ti B bọ́ sínú A. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé sípíríǹgì lọ sí A, a ti mú olè náà. Bí ó bá dúró sí B, ara mágásíìnì ló wà.

Ọjọ́ kẹta

Ọta 105 mìíràn. Mágásíìnì B, tó gbé sípíríǹgì A, kò há fún dojúbolẹ̀ rárá. Mágásíìnì A, tí kò ṣe irú ẹ̀ rí, dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọta ìkẹyìn ni gbogbo rẹ̀. Sípíríǹgì ni. Bí ọta bá ṣì pọ̀ nínú mágásíìnì, sípíríǹgì á sún jọ, agbára rẹ̀ á tó. Bó bá ku ọ̀kan, ó ti nà tán, èyí tó ti rẹ̀ kò lè gbé ọta ìkẹyìn yẹn sókè kí síláìdì tó dé. Ìdí nìyẹn tí ọta ìkẹyìn fi máa ń sọ òtítọ́ nípa mágásíìnì.

Lórí lóòró, inú mi kọ́kọ́ dùn. Ọta 70 kọjá, kò sí ọ̀kankan. Ẹ̀gbọ́n ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Nínú 35 tó kù, méjì dúró lóòró.

Nígbà tí a délé, mo tún fi èèpo dán ìkọ́ wò. Ó jábọ́. Irin tí mo tẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Mo ti rò pé mo lè gbà á là, torí ohun tó ṣì ṣeé tún ṣe kì í wù mí láti jù nù. Àmọ́ irin tó ti rẹ̀ dé ibi tí kò lè di ìtẹ̀ mú fún ọta 100 kì í ṣe ohun tí èèyàn gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀gbọ́n fi ìbọn yìí ṣọ́ ilé rẹ̀. Mi ò lè tún un tẹ̀ kí n dá a padà fún un.

Ọjọ́ kẹrin

Sípíríǹgì mágásíìnì mẹ́ta àti ìkọ́ tuntun kan dé. Mo pààrọ̀ sípíríǹgì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, D pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ tíì ṣẹ̀, nítorí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ rà wọ́n.

Ìkọ́ tuntun gba nǹkan bíi wákàtí kan. Bó ṣe dé, ó le jù, èèpo kò fẹ́ wọ abẹ́ rẹ̀ rárá. Mo tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń dì í mú láìfún un pa. Mo tún wo irin pẹlẹbẹ kékeré tó ń sé ẹ̀yìn ihò ìkọ́. Bí irin yẹn bá ń gbọ̀n, ìkọ́ á máa yí nínú ihò, á wá dà bí ẹni pé agbára rẹ̀ ti tán, nígbà tí agbára rẹ̀ pé. Tiwa dúró ṣinṣin.

Mo fi òróró díẹ̀ sí ibi tí síláìdì ti ń yọ̀ lórí ara ìbọn, mo nu ihò ọta gbẹ, mi ò fi òróró síbẹ̀. Mo wá ki ọta ìdánrawò, èyí tí kò ní ètù, sínú mágásíìnì kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ọwọ́ fa síláìdì. Gbogbo wọn wọlé, gbogbo wọn jáde, wọ́n ń fò sápá ọ̀tún bó ti yẹ. Ẹ̀gbọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣà wọ́n nílẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún

Ọta 210, àádọ́rin fún mágásíìnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n ló yìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Dojúbolẹ̀: kò sí. Lóòró: kò sí. A wá yìn ogún tí orí wọn ní ihò, irú èyí tó máa ń wà nínú ìbọn rẹ̀ nílé, nítorí kò bójú mu kí èèyàn fi ọta kan ṣe ìdánwò kó wá fi òmíràn sùn. Gbogbo wọn kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ki ọta sínú ìbọn náà níṣojú mi nígbà mẹ́ta, láti inú mágásíìnì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, kò wo ojú mi mọ́ kó tó ṣe é.

Nǹkan kan péré ló kù tí mo kọ sínú ìwé. Lẹ́yìn ọta ìkẹyìn nínú mágásíìnì D, síláìdì yẹ kó dúró sẹ́yìn, àmọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó padà síwájú. Ó ṣeé ṣe kí àtàǹpàkò Ẹ̀gbọ́n ti kan irin tó ń dá a dúró. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pèpele kékeré orí sípíríǹgì mágásíìnì, èyí tó ń ti irin náà sókè, ló ní àléébù. Sátidé tó ń bọ̀, a ó fi pèpele A sínú D, a ó fi ti D sínú A, a ó yìn ọta 70.